Ojú Ọ̀run Kò Tó Bàálù Fò Láìfarakanra

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfarakanra. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá kan nídìí tábìlì oníwèé ìròyìn ní Ìjìgbò, níbí ní Adó-Èkìtì, ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá ọdún 2025. Bàálù ogun Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè Benin láti bá ìjọba ibẹ̀ lé àwọn sọ́jà tó fẹ́ fipá gbàjọba, ọ̀rọ̀ náà ló sì gba ẹnu gbogbo wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè pé, àwọn bàálù èrò tó ń ti Èkó lọ sí Accra lọ́jọ́ náà ńkọ́, ta ló sọ fún wọn pé bàálù ogun wà lọ́nà? Òwe ni bàbá fi dá a lóhùn. Ó ní ojú ọ̀run fẹ̀, ti Nàìjíríà sì ti Nàìjíríà ni. Sọ́jà wa kò gbọdọ̀ máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó dúró níbẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá náà, àmọ́ n kò lè bá wọn pàtẹ́wọ́. Kì í ṣe òun nìkan ló ní èrò yìí. Òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbà láìbi í léèrè, láti ìdí ọkọ̀ akérò títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣòfin. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi dúró: pé ojú ọ̀run fẹ̀ tó gbogbo wa; pé iṣẹ́ ológun jẹ́ àṣírí, alágbádá kò sì gbọdọ̀ dá sí i; àti pé bí orílẹ̀-èdè bá bá aládùúgbò rẹ̀ lo òfin kan náà lójú ọ̀run, ó ti ta òmìnira rẹ̀. Mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, torí mo gbà tọkàntọkàn pé èrò yìí ń pààyàn. Òfin ààbò tó bára mu láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tó jọ pààlà, àti ìfikùnlukùn láàárín àwọn adarí bàálù alágbádá àti ológun, kò ṣí adé lórí ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí fífẹ̀ ojú ọ̀run. Ẹyẹ ń fi ojú rí ẹyẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ń yà fún un. Bàálù èrò ńlá ń sáré tó nǹkan bí 850 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí méjì bá kọjú síra, àlàfo tó tó ti Adó sí Ìkẹ́rẹ́ yóò tán láàárín wọn kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Kí awakọ̀ tó rí àmì dúdú kan lókèèrè, kó mọ̀ pé bàálù ni, kó tó yí tirẹ̀, ẹ̀pa lè má bóró mọ́. Ìdí nìyí tí ayé fi la ọ̀nà sójú ọ̀run, tí wọ́n sì tò wọ́n lé ara wọn bíi pẹpẹ. Láti ọdún 2008, láàárín 29,000 sí 41,000 ẹsẹ̀ bàtà lójú ọ̀run Áfíríkà, 1,000 ẹsẹ̀ bàtà péré ló ya pẹpẹ kan sí èkejì. Ìyẹn lé díẹ̀ ní 300 mítà. Ìyá arúgbó tó ń rìn jẹ́jẹ́ lọ sí ọjà Ọba yóò rìn ín tán láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Àlàfo bíńtín yẹn ni ẹ̀mí gbogbo èrò inú bàálù gbé ara lé. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni adarí bàálù tó jókòó níwájú ẹ̀rọ ní Èkó tàbí ní Kano. Rédà tó ń ràn án lọ́wọ́ wà ní Èkó, Àbújá, Kano àti Port Harcourt. Ó wà ní Ìlọrin, Maiduguri, Talata Mafara, Numan àti Obubra pẹ̀lú. Ti Ìlọrin ló sún mọ́ àwa ará Èkìtì jù. Ọ̀rọ̀ adarí yìí ni awakọ̀ ń tẹ̀ lé. Bí ọ̀rọ̀ náà bá yẹ̀, fífẹ̀ ojú ọ̀run kò ní gba ẹnikẹ́ni là.

Ilẹ̀ Yorùbá ti rí i. Ní ọjọ́ keje oṣù Kọkànlá ọdún 1996, bàálù ilé iṣẹ́ ADC kan gbéra láti Port Harcourt, ó ń bọ̀ ní Èkó. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ ni awakọ̀ rẹ̀ rí bàálù mìíràn lọ́nà. Ó yí bàálù náà tagbára tagbára kó lè yà fún un. Ó yà fún un lóòótọ́, wọn kò kan ara wọn, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ká bàálù náà mọ́, ó sì já lulẹ̀ sí Ejìrìn nítòsí Ẹ̀pẹ́. Èèyàn 144 ló bá a lọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake wà lára wọn. Ìwádìí fi hàn pé adarí tó wà nídìí rédà kò pín àlàfo àwọn bàálù méjèèjì bó ṣe yẹ.

Ejìrìn ṣẹlẹ̀ lábẹ́ àṣẹ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ẹ wá wo ibi tí orílẹ̀-èdè pọ̀ sí. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, bàálù kékeré kan tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn ń ti Ouagadougou lọ sí Dakar. Boeing 737 ilé iṣẹ́ Ceiba ń ti Dakar bọ̀ wá sí Cotonou. Wọ́n ní kí bàálù kékeré wà ní 34,000 ẹsẹ̀ bàtà, kí Boeing wà ní 35,000. Bàálù kékeré kò sí lórí pẹpẹ tí wọ́n ní kó wà, àwọn méjèèjì sì gbá ara wọn lórí ilẹ̀ Senegal. Boeing fi ìyẹ́ tó ti bàjẹ́ rìn dé Malabo. Èkejì ń fò lọ láìdá ẹnikẹ́ni lóhùn, ó kọjá Dakar tó yẹ kó balẹ̀ sí, ó sì ré sínú Òkun Àtìláńtíìkì pẹ̀lú èèyàn méje tó wà nínú rẹ̀.

Burkina Faso ni bàálù kékeré ti gbéra. Senegal ló ni ín. Equatorial Guinea ló ni èyí tó kọlù ú, Benin nìyẹn sì ń lọ. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló wà nínú ìjàm̀bá kan ṣoṣo. Ẹ sọ fún mi, òmìnira ta ló lè dáàbò bo ẹni tó jókòó sínú Boeing yẹn? Bí àyẹ̀wò ẹ̀rọ bá le ní ilẹ̀ kan, tó sì dẹ̀ ní ilẹ̀ kejì, èrò tó wọ bàálù ilẹ̀ tó le kò rí èrè kankan jẹ níbẹ̀, torí pẹpẹ kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà kọjá. Ohun tí ìbára-mu òfin ààbò dúró fún kò ju èyí lọ: kí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bàálù ní Dakar jẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ní Èkó.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ ológun. Ní ọjọ́ kan ní oríta Fájuyì, iná kò sí, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ sì pọ̀. Ẹni méjì jáde láti darí ọkọ̀, ọ̀kan lápá ibí, èkejì lápá ọ̀hún, inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni ìhín ní kí takisí máa bọ̀; ẹni ọ̀hún ní kí ọ̀kadà máa bọ̀. Wọn kò wo ojú ara wọn. Ọ̀kadà àti takisí pàdé láàárín títì, agbọ̀n tòmátì ìyá tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà fọ́n káàkiri, ó sì jókòó sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Àwọn adarí méjèèjì kò ṣe ohun tó burú, kálukú ní àṣẹ tirẹ̀. Àìbára-ẹni-sọ̀rọ̀ wọn ló ṣe ìyá náà léṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ojú ọ̀run tí alágbádá ń darí apá kan, tí ológun ń darí apá kejì, tí ẹnì kan kò sì sọ fún ẹnì kejì.

Ẹni tó bá rò pé ti ìlú tálákà nìyẹn, kó wo Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, hẹlikópítà ológun kọlu bàálù èrò tó fẹ́ balẹ̀, èèyàn 67 sì kú. Ẹ̀rọ tó yẹ kí hẹlikópítà náà máa fi kéde ibi tó wà kò kéde. Ó ga ju 200 ẹsẹ̀ bàtà tí òfin fún un níbẹ̀ lọ. Láàárín oṣù Kẹwàá 2021 sí oṣù Kejìlá 2024, ó ju ìgbà 15,000 lọ tí bàálù àti hẹlikópítà ti sún mọ́ra jù nítòsí pápákọ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́wọ́ níwájú ilé aṣòfin wọn pé ìlà tẹlifóònù tó so ilé iṣẹ́ ológun pọ̀ mọ́ ilé ìṣọ́ pápákọ̀ náà ti kú láti oṣù Kẹta ọdún 2022. Fún ọdún mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò tún un ṣe. Amẹ́ríkà ní owó, ó ní rédà, ó ní ọmọ ogun tí ayé ń bẹ̀rù. Ohun tó ṣaláìní lálẹ́ ọjọ́ náà ni kí ológun àti alágbádá gbọ́ ara wọn.

Wọ́n á ní, ṣé ká wá máa kéde ìrìn ogun fún ọ̀tá ni? Ìbéèrè tó tọ́ ni, Yorùbá sì ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Bí Orò yóò bá jáde, akéde á ti rìn yí ìlú ká. Kò ní sọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú igbó. Ọjọ́ àti àkókò ló ń sọ, kí ẹni tí kò yẹ kó wà lóde má baà wà lóde. Awo kò tú, ẹnikẹ́ni kò sì fara gbọgbẹ́. Ohun tí à ń bẹ ológun náà nìyẹn: láti aago mẹ́ta sí márùn-ún, láti ìpele báyìí sí ìpele báyìí, ẹ má gba ibí kọjá. Ẹ má sọ fún wa ibi tí ẹ ń lọ. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ pàjáwìrì, kí ológun kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ adarí alágbádá nínú yàrá kan náà, kó nawọ́ sí ẹ̀rọ, kó sì ní, ẹ gbé eléyìí kúrò níbẹ̀. Láti ọdún 1996 ni Yúróòpù ti gbà pé kò sí ojú ọ̀run tó jẹ́ ti ológun títí ayé, kò sì sí èyí tó jẹ́ ti alágbádá títí ayé; ẹni tó bá nílò rẹ̀ á gbà á, bó bá sì ṣe tán, á dá a padà.

Àwọn ológun wa pàápàá ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Nígbà tí bàálù wọn já ní Kaduna ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, tó pa ọ̀gá àgbà ọmọ ogun ilẹ̀, Ibrahim Attahiru, àti àwọn mẹ́wàá mìíràn, àjọ alágbádá tó ń wádìí ìjàm̀bá bàálù ni wọ́n ké sí láti wá yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yìn wọ́n fún un. Bí a bá lè jọ wádìí lẹ́yìn tí òkú ti sùn, kí ló dé tí a kò ní jọ ṣọ́ ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó kú? Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ẹsẹ̀ kẹta ló le jù, torí ìfẹ́ ìlú ló wọ̀ láṣọ. Wọ́n ní ojú ọ̀run wa tiwa ni. Òótọ́ ni. Àmọ́ níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Ó wà nínú àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Chicago ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, ní abala àkọ́kọ́ gan-an: orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló láṣẹ pátápátá lórí ojú ọ̀run tó wà lókè ilẹ̀ rẹ̀. Abala kẹta nínú ìwé kan náà ló sọ pé bàálù ológun kò gbọdọ̀ wọ ojú ọ̀run ẹlòmíràn láìgbàṣẹ, àti pé ìjọba tó bá ń ṣòfin fún bàálù ológun gbọ́dọ̀ ro ti ààbò bàálù alágbádá. Òfin àjọṣe ló fún wa ní ẹ̀rí tí à ń gbé kiri. Ẹni tó bá ya ìwé náà ti ya ẹ̀rí ìní tirẹ̀.

Oṣù Kejìlá tí bàbá pa òwe yẹn gan-an ló kọ́ wa. Ní ọjọ́ keje, bàálù ogun wa wọ Benin, kò sì di ìjà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, torí ìjọba Benin ló ké sí wọn. Ní ọjọ́ kẹjọ, bàálù C-130 ọmọ ogun òfurufú wa tó ń lọ sí Portugal balẹ̀ sí Bobo-Dioulasso ní Burkina Faso pẹ̀lú sọ́jà 11. Nàìjíríà ní ẹ̀rọ ló fẹ́ yọnu. Àwọn orílẹ̀-èdè Sahel mẹ́ta, Burkina Faso, Mali àti Niger, ní kò gbàṣẹ kó tó wọlé, wọ́n sì kéde pé ọwọ́ ogun làwọn máa fi gba bàálù tó bá tún dán irú rẹ̀ wò. Ó di kí mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wa nígbà náà, Yusuf Tuggar, lọ sí Ouagadougou kí ọ̀rọ̀ tó rọlẹ̀. Ọjọ́ kan péré ló wà láàárín ìrìn àjò méjèèjì, orílẹ̀-èdè kan náà ló ni àwọn bàálù náà. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ṣáájú bàálù, ọ̀rẹ́ ni wọ́n pè wá. Níbi tí wọ́n ti ní ọ̀rọ̀ kò ṣáájú, díẹ̀ ló kù kó di ogun. Kí ẹni tó fẹ́ràn sọ́jà wa sọ èyí tó fẹ́ fún wọn nínú méjèèjì.

Ìyà àìsọ̀rọ̀ kò sì mọ sórí ológun. Nígbà tí àwọn sọ́jà gbàjọba ní Niger lọ́dún 2023, wọ́n ti ojú ọ̀run wọn pa láti ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ sí ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó ń ti London bọ̀ wálé wá sìnkú òbí rẹ̀ ní Èkìtì kò bá Niamey jà, síbẹ̀ bàálù rẹ̀ ní láti gba ọ̀nà mìíràn yí ká.

Ohun tó ń ba àwọn kan lẹ́rù, mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń ronú nípa ASECNA, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Saint-Louis ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1959, tó ń bójú tó ojú ọ̀run ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí Faransé jẹ gàba lé rí. Faransé pàápàá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ níbẹ̀. Ìfura yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Àmọ́ Burkina Faso, Mali àti Niger tó lé sọ́jà Faransé kúrò nílẹ̀ wọn kò yọwọ́ nínú ASECNA. Nàìjíríà náà kò sì nílò láti wọ inú rẹ̀ kó tó lè bá aládùúgbò rẹ̀ ṣe. Àjọ tó ń bójú tó ààbò bàálù fún ẹgbẹ́ Àdéhùn Banjul wà ní Àbújá wa níbí: Nàìjíríà, Ghana, Gambia, Guinea, Liberia, Sierra Leone àti Cape Verde ló jọ ni ín. Guinea, Liberia àti Sierra Leone tilẹ̀ jọ ń lo ibi ìdarí kan ṣoṣo fún ojú ọ̀run àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní Yúróòpù, ibùdó kan ní Maastricht ló ń darí bàálù tó ń fò lókè gíga lórí Belgium, Netherlands, Luxembourg àti apá kan Jámánì. Èwo nínú wọn ló ti sọ orúkọ rẹ̀ nù?

Ẹnì kan tó mọ̀wé yóò rán mi létí Überlingen. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2002, àwọn adarí Switzerland ló ń bójú tó apá kan ojú ọ̀run Jámánì, bàálù méjì sì kọlu ara wọn níbẹ̀. Èèyàn 71 ló kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ iléèwé láti Rọ́ṣíà. Ṣé kì í ṣe àjọṣe ló pa wọ́n? Rárá o. Adarí kan ṣoṣo ló ń dá ṣiṣẹ́ ní Zurich lálẹ́ náà. Àwọn ará Karlsruhe ní Jámánì rí ewu náà lójú rédà tiwọn, wọ́n ń pe Zurich lórí tẹlifóònù, tẹlifóònù kò wọlé. Lọ́dún 2006, ilé ẹjọ́ ní Konstanz sọ pé àdéhùn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ kò sí láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì lórí ojú ọ̀run náà. Àjọṣe tí kò ní ìwé ni, tí kò ní tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́. Überlingen ń bá mi gbè ni: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìlà náà máa dún.

Nínú gbogbo Nàìjíríà, ọmọ Èkìtì ló yẹ kó tètè yé jù. Nígbà tí Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí dìde sí ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn lọ́dún 1878, ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọba tirẹ̀, ó sì ní ọmọ ogun tirẹ̀. Ká ní kálukú dá jà ni, ìbá nira fún wọn láti dúró. Wọ́n parapọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà, tí kì í ṣe ọmọ Èkìtì, ṣe balógun gbogbo wọn. Ẹ̀wí ti Adó kò bọ́ adé sílẹ̀. Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ kò gbé ìtẹ́ rẹ̀ fún Ọwá Iléṣà. Ní ọdún 1886, àdéhùn tó dá ogun náà, tí wọ́n ń pè ní Kírìjì, dúró gbà pé àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà wà lómìnira. Nínú àṣẹ kan ṣoṣo ni òmìnira ti jáde. Ó wá yà mí lẹ́nu pé ní Adó yìí kan náà ni à ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ní àjọṣe ń gba adé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa mọ́. Pápákọ̀ òfurufú tiwa wà lọ́nà Ìjàn. Ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 2019, bàálù sì kọ́kọ́ balẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ bí ọ̀nà tí bàálù ń sá lé ṣe gùn tó 3.2 kìlómítà, bí ilé èrò ṣe dára, àti iye iṣu tí a ó máa kó lọ sókè òkun. N kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan béèrè bí ẹni tó wà nínú ilé ìṣọ́ yóò ṣe mọ̀ bí bàálù ológun bá ń bọ̀ láti ìhà àríwá. Ilé ẹlẹ́wà kò lè ya bàálù sọ́tọ̀. Láti orí oko iṣu Ìjàn dé ààlà Benin, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni fún bàálù ńlá.

Ẹ̀yin aṣojú wa ní Àbújá, ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ béèrè lórúkọ wa. Ẹ jẹ́ kí ológun àti alágbádá jókòó nínú yàrá ìdarí kan náà ní Èkó àti Kano, tọ̀sán tòru. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn tó wà láàárín wa àti Accra, Cotonou, Niamey àti Douala wà ní kíkọ, kó sì kan bàálù ológun pẹ̀lú ti alágbádá. Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò àjọ ti Banjul àti ti ASECNA ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa pe ara wọn lórí tẹlifóònù ní àràárọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dún, kí ọ̀gá tí ìlà rẹ̀ bá kú ju ọjọ́ kan lọ wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀yin ni ẹ dìbò fún wọn. Bí wọ́n bá wálé ọdún, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìpàtẹ́wọ́ lọ. Ẹ bi wọ́n pé ìlà náà ń dún àbí kò dún.